Mo Fi Tuntun Gba Àlòkù

Bí o bá fẹ́ rí bí ojú ṣe ń ti àwọn ará ilé wa ní Òmù-Àrán, gbé ohun àlòkù wọlé lójú ọ̀sán. Kò sẹ́ni tí yóò bú ọ. Wọn yóò kí ọ kú àbọ̀, wọn yóò wo ẹrù ọwọ́ rẹ, wọn yóò sì béèrè bóyá òjò rọ̀ níbi tí o ti ń bọ̀. Ṣùgbọ́n gbé ohun tuntun wọlé nínú páálí, kí o wá wo bí agboolé yóò ṣe tú jáde. Ẹni tí ara rẹ̀ kò yá láná á dìde. Ẹni tó ti ń bá ọ yan odì láti ọdún tó kọjá á gbàgbé ohun tí o ṣe é.

Ní agboolé tiwa, ohun tuntun kì í dédé di lílò. Ẹni tó gbé e wá ni yóò kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án, á súre sí i. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ìyàwó ilé àti ọmọdé tó bá ráyè, olórí agboolé ni yóò sì kẹ́yìn. Mi ò mọ ẹni tó dá àṣà náà sílẹ̀, n kò sì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni béèrè rí. Nígbà tí owó epo ń ṣàn, tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ ńlá kan ní Èkó, kò sí ọdún Kérésì tàbí ọdún Àjíǹde tí kì í gbé páálí kan bọ̀ wálé. Rédíò ni o, fáànù ni o, fíríìjì ni o. Gbogbo rẹ̀ la fọwọ́ kàn. Lọ́jọ́ tí fíríìjì dé, iná wà, bàbá wa àgbà tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá mi àti olórí agboolé sì ki orí bọ inú rẹ̀ láti súre. Àdúrà ọjọ́ náà gùn púpọ̀, torí ibẹ̀ tutù. Bẹ̀bẹ̀ la bẹ̀ ẹ́ kó tó yọ orí jáde.

Nígbà tó yá, owó epo ò ṣàn mọ́, tàbí kó jẹ́ pé ó ń ṣàn síbi tí àwa ò mọ̀. Ní Ìlọrin, níbi tí mo ti ń fi táípúráítà tẹ̀wé nílé-iṣẹ́ ìjọba kan, wọ́n pe àwa kan jọ ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, wọ́n sì ní kí a máa lọ sílé. Ọ̀gá tó ń sọ ọ́ kò lè gbójú sókè wò wá. Inú bí mi débi pé mo gbàgbé agboòrùn mi síbẹ̀, mi ò sì jẹ́ padà lọ mú un. Mo kó ẹrù mi, ó di ilé ìyá mi ní Òmù-Àrán.

Mi ò tíì lọ́kọ nígbà náà, nítorí náà gbogbo ẹbí rò pé ọwọ́ mi dilẹ̀. Kò pẹ́, ó ku díẹ̀ kí Kérésì dé, ẹ̀gbọ́n mi ránṣẹ́ láti Èkó pé ìyàwó òun ti bẹ̀rẹ̀ òwò, kò sẹ́ni tí yóò máa mójú tó àwọn ọmọ wọn méjèèjì, kí n máa bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Ìyá mi ní ó dáa. Bàbá àgbà ní ó dáa. Gbogbo ayé ló ní ó dáa, àfi èmi. Kì í ṣe pé mi ò fẹ́ràn àwọn ọmọ náà. Ṣùgbọ́n mo ti jìyà kí n tó mọ iṣẹ́ ọwọ́ mi. Mo lè tẹ̀wé láìwo ìka mi, mo lè máa tẹ̀wé kí n sì máa bá ènìyàn jà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá ti wọ Èkó lọ bá ẹbí pọnmọ, ta ni yóò tún rántí pé ó ní iṣẹ́ kan rí? Ohun tí mo ń wá kò ju pé kí n dúró ní Òmù-Àrán, kí n máa jẹun nídìí iṣẹ́ tí mo mọ̀.

Mo bẹ ẹ̀gbọ́n mi pé kó ra táípúráítà kan fún mi ná, kí n fi gbìyànjú. Aránṣọ kan tí a jọ dàgbà ti yọ̀ǹda igun kan fún mi nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Tábìlì wà níbẹ̀, àga wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gbà. Ó ní òun á gbé e bọ̀ nígbà ọdún Àjíǹde, ṣùgbọ́n bí mi ò bá tíì rí iṣẹ́ gidi kan dì mú kí ọlidé tó parí, èmi àti òun la ó jọ wọ mọ́tò padà sí Èkó, n kò sì ní àwíjàre kankan mọ́. Èmi náà gbà.

Iṣẹ́ gidi tí mo fojú sí wà ní Àrán-Ọ̀rin. Ọ̀gá ilé-ìwé girama kan níbẹ̀ ń wá ẹni tí yóò máa tẹ ìwé ìdánwò fún un. Ẹni tí kò bá bá ìgbà náà lè má mọ bí a ti ń ṣe é. Bébà fẹ́lẹ́ kan wà tí à ń pè ní sítẹ́ńsù, wọ́n fi ìda pa á lára. A ó yẹ ríbọ̀ọ̀nù, aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní yíǹkì, kúrò lójú ọ̀nà, kí lẹ́tà lè máa gbá bébà náà lásán, kó sì dá a lu. Ojú ibi tó lu yẹn ni yíǹkì ń gbà jáde nígbà tí a bá gbé e sórí ẹ̀rọ dúpílíkétà, tí à ń fọwọ́ yí i, tí ìwé kan náà ń tú jáde fún gbogbo kíláàsì. Bí lẹ́tà kò bá lágbára, kò ní lu, yíǹkì ò sì ní jáde. Gbogbo iṣẹ́ náà ò ju agbára tí irin fi ń gbá bébà lọ.

Ọ̀gá náà sọ fún mi pé ìdánwò tó kọjá, lẹ́tà inú ìwé tó jáde kò hàn débi pé àwọn ọmọ ń bi ara wọn léèrè ìbéèrè kí wọ́n tó lè wá ìdáhùn. Ó ní, "Ẹ lọ tẹ ojú ewé kan péré wá, ẹ mú un dé ká tó wọlé lẹ́yìn ọdún. Bó bá jáde kedere, gbogbo kíláàsì ni n ó kó fún yín. Bí kò bá jáde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi, Ìlọrin ni n ó gbé e lọ."

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, mo lọ sí Ìlọrin, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó máa ń bá ilé-iṣẹ́ wa tún ẹ̀rọ ṣe. Táípúráítà kan wà lórí tábìlì rẹ̀, aláwọ̀ eérú, tó ti ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan fún ọjọ́ pípẹ́. Ọ̀dà ti ṣí lára rẹ̀ níbi tí ọwọ́ ń gbà. Ọkùnrin náà ti tú u palẹ̀, ó ti fọ gbogbo ikùn rẹ̀, ó ti fi rọ́bà mìíràn sí ibi tí bébà ń yí lé. Nígbà tí mo gbìyànjú láti gbé e, ó wúwo bí ọmọ tó ti mọ̀ ọ́n rìn ṣùgbọ́n tó kọ̀ tó ní kí wọ́n gbé òun. Mo yọ sítẹ́ńsù kan nínú báàgì mi, mo tẹ ìlà kan, mo sì nà án sí ojú fèrèsé. Ìmọ́lẹ̀ gba inú gbogbo lẹ́tà náà kọjá. Ọkàn mi bọ́ sí i lójú ẹsẹ̀. Mo bẹ ọkùnrin náà kó má tà á fún ẹlòmíràn títí ọdún á fi kọjá.

Mo wá awakọ̀ kan tó ń ná Èkó, mo ní kó sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé: "Ẹ má ra tuntun. Tuntun tí owó rẹ̀ kò ga, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, kò lè gé sítẹ́ńsù. Mo ti rí àlòkù gidi ní Ìlọrin, òun ni kí ẹ rà fún mi." Mo ní kó tún un sọ fún mi. Ó tún un sọ bí ọmọ tó ń ka àkọ́sórí.

Ìyá mi gbọ́ sí i, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Àlòkù ta ni?" ó béèrè. "Ṣé ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ kú ni, àbí ó sá?"

"Màmá, ọ́fíìsì ló ni ín. Ọ́fíìsì kì í kú."

"Ọ́fíìsì tìẹ ńkọ́? Ṣé ó wà láàyè ni?"

Òwò obì ni ìyá mi ń ṣe. Kò sẹ́ni tó mọ̀ jù ú lọ pé obì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ apẹ̀rẹ̀ ló ń jẹrà, pé èyí tó ti pẹ́ nínú ewé ló ń tọ́jọ́. Mo rán an létí. Ó ní kí n má fi táípúráítà wé obì, pé kò sẹ́ni tó ń fi táípúráítà gba àlejò.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ọdún Àjíǹde, ẹ̀gbọ́n mi dé. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo rí páálí lábẹ́ apá rẹ̀. Páálí tuntun ni, tẹ́ẹ̀pù rẹ̀ ṣì wà lójú rẹ̀. Ariwo ti sọ kí n tó lè lanu. "Ó ti dé o! Ẹ kú ọ̀tun o! Ọlọ́run á jẹ́ ká lò ó pẹ́!" Àwọn ìyàwó ilé ti yí i ká. Ẹ̀gbọ́n mi ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu òógùn, kò sì wo ojú mi.

Kí n má purọ́, nígbà tí a ṣí i, ó wù mí. Ó ní báàgì tirẹ̀ tó ní ọwọ́ ìdìmú. Àwọ̀ rẹ̀ pọ́n bí ọsàn tó gbó. Ó ń dán, ó ń rùn bí ohun tuntun ti í rùn, mo sì lè fi ọwọ́ kan gbé e láti ìta dé yàrá. Mo rí ara mi tí mo gbé e kọ́wọ́ la ìgboro kọjá bí akọ̀wé àgbà. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe fi ìka kan àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀, wọ́n ń gbọ̀n. Ike ló pọ̀ jù lára rẹ̀.

Ìyá mi ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ lò ó títí di àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, nígbà tí àwọn àgbà yóò jókòó. Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní orí ń fọ́ mi. Bí wọ́n ti yí kọ̀rọ̀, mo fi sítẹ́ńsù sí i, mo bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀. Mo rọra tẹ̀ ẹ́, kò lu. Mo tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tí ń bínú, kò lu. Mo tẹ̀ ẹ́ títí ìka fi ń ro mí. Nígbà tí mo gbé bébà náà sójú oòrùn, òjìji lẹ́tà lásán ló wà níbẹ̀. Àwọn mìíràn ò tilẹ̀ fi àmì sílẹ̀. Mo gbé ẹ̀rọ padà sínú báàgì rẹ̀, orí mi sì wá bẹ̀rẹ̀ sí fọ́ ní tòótọ́.

Ta ni yóò sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, lójú gbogbo agboolé, pé ẹ̀bùn tó gbé ti Èkó wá kò wúlò? Àìmoore ni wọn yóò pè é. Bí mo bá sì dákẹ́, tí mo fi í tẹ̀wé lọ sí Àrán-Ọ̀rin, ọ̀gá ilé-ìwé yóò ní kí n má bínú. Ọ̀nà méjèèjì, Èkó ni wọ́n já sí. Ní gbogbo ọjọ́ náà, mi ò lè jẹun. Ìyá mi rò pé ààwẹ̀ ni mo ń gbà, ó sì yìn mí.

Àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n tẹ́ ẹní sí gbọ̀ngàn, wọ́n gbé táípúráítà sí àárín. Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ fọwọ́ lé e, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó gbé e wá. Ó gbé ọwọ́ lé orí rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó súre ní ṣókí. Ká ní gbogbo ènìyàn ṣe bẹ́ẹ̀, ìtàn mi ì bá yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ìyàwó ilé kan tó tẹ̀ lé e tẹ lẹ́tà kan. Ó dún "kà!" Inú obìnrin náà dùn, ó tún un tẹ̀, ó ní lórúkọ Jésù. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó tún gbà kí òun fọwọ́ kàn án lásán. Olúkúlùkù fẹ́ kí àdúrà tirẹ̀ dún. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ fún ọkọ rere, wọ́n tẹ̀ ẹ́ fún ọlà, ìyá mi tẹ̀ ẹ́ fún mi pẹ̀lú omi lójú. Irin kan bẹ̀rẹ̀ sí há mọ́ ìkejì. Mo ní, "Ẹ rọra o, ẹ rọra." Wọ́n ní kí n fi àwọn lọ́rùn sílẹ̀, àlùbáríkà kì í pọ̀ jù.

Bàbá àgbà ló wá kẹ́yìn. Ọwọ́ tó ti fi kọ ebè iṣu láti kékeré ni. Kò wá ìka kan tẹ̀ bí àwọn yòókù. Ó ní "Bísímílà," ó sì fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ dé gbogbo lẹ́tà náà mọ́lẹ̀. Gbogbo irin dìde pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n wọ ara wọn lára, wọn ò padà mọ́. Bàbá rò pé ẹ̀rọ náà kò tíì gbọ́. Ó tún ọwọ́ rẹ̀ gbé, ó fi agbára kún un.

"Ohun tuntun yìí," ó wí, "kò ní bàjẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́!"

"Àmín!" ni gbogbo wa ké, kí a tó gbọ́ ohun tó kán nínú rẹ̀. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan fò jáde, ó bọ́ sórí ẹní.

Bàbá àgbà wo irin náà, ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ọwọ́ yìí náà ló súre fún fíríìjì." Ìyá mi ní iṣẹ́ ọ̀tá ni, pé ọ̀tá náà ti bá a láti Èkó wá. Ìyàwó ilé tó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ ní òun rọra tẹ̀ ẹ́ ní tòun, gbogbo ènìyàn sì yíjú sí i. Mo rí i pé ohun tó ń jáde bọ̀ lẹ́nu mi kì í ṣe ẹkún. Mo fi ìborùn bo ẹnu, mo gba ẹ̀yìnkùlé lọ.

Mo jókòó sórí òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ti ń fọ aṣọ, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà lójú mi. Ara mi fúyẹ́. Ẹnu mi ò sọ nǹkan kan sí ẹ̀bùn ẹ̀gbọ́n mi, àdúrà agboolé ló bá mi sọ ọ́. Èmi tí mi ò jẹun láná, ebi wá ń pa mí wàyí.

Ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ lé mi jáde.

"Ẹ̀rín lò ń rín ni, àbí ẹkún lò ń sun?"

"Bùọ̀dá, mi ò mọ̀."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀. "Awakọ̀ yẹn jíṣẹ́ rẹ fún mi o. Kò fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀."

"Ẹ gbọ́, ẹ sì tún ra tuntun?"

"Ṣé kí n wá sọ̀ kalẹ̀ ní gáréèjì Òmù-Àrán, kí n gbé àlòkù mọ́ra? Èmi tí mo gbé fíríìjì wálé? Wọ́n á ní ayé mi ti bàjẹ́. Mo wo àwọn tuntun tó nípọn, apá mi ò ká wọn. Èyí nìkan ni tuntun tí apá mi ká." Ó gé koríko kan, ó ń fà á ya. "Mo mọ̀ pé kò dáa bó ṣe yẹ. Ẹni tó tà á fún mi pàápàá kò fẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́ wò."

Mo sọ fún un pé mo ti dán an wò lọ́jọ́ Ẹtì, pé kò gé sítẹ́ńsù. Mo rò pé yóò bínú. Ńṣe ló mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n bá sọ ẹrù kalẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín. A rẹ́rìn-ín débi pé ìyá wa yọjú láti wò wá, ó sì padà sínú ilé lọ sọ pé ìbànújẹ́ ti kọlu àwọn ọmọ òun.

Lẹ́yìn ọdún, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi gbé tuntun lọ sí Ìlọrin. Ọkùnrin tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ṣí báàgì náà, ó yọ irin tó kán, ó wò wá.

"Ta ló bá a jà?"

"Àdúrà ni," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Ọkùnrin náà ní bí òun bá tún un ṣe, yóò bá akẹ́kọ̀ọ́ kan tó fẹ́ fi kọ́ ìtẹ̀wé mu, ṣùgbọ́n kò lè bá àlòkù tòun dọ́gba. A ní láti fi owó lé e. Ẹ̀gbọ́n mi dúnàádúrà dáadáa, ó sì fi owó lé e. Ó wá gbé àlòkù náà fúnra rẹ̀ lọ sí gáréèjì. Mo fún un ní ìborùn mi pé kó fi bò ó. Kò gbà á. Nígbà tí a dé Òmù-Àrán, ó gbé e lé èjìká, ó gba ojú ọ̀nà ńlá lọ sílé, ó ń dáhùn ìkíni ọ̀tún àti òsì. Ẹnìkan tilẹ̀ béèrè bóyá òjò rọ̀ ní Ìlọrin. Ó ní kò rọ̀.

Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ gbé tuntun lọ, ẹ gba àlòkù bọ̀, ẹ tún fi owó lé e? Ta ló kọ́ yín ní òwò?" Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé sítẹ́ńsù tí mo tẹ̀ síwájú àtùpà, tó rí lẹ́tà tí ń tàn yòò, ó fọwọ́ kan etí bébà náà, ó ní, "Hẹn-ẹn." Ìyá mi kì í tọrọ àforíjì ju báyẹn lọ.

Mo mú sítẹ́ńsù náà lọ sí Àrán-Ọ̀rin lọ́jọ́ kejì. Ọ̀gá ilé-ìwé ní kí wọ́n gbé e sórí dúpílíkétà lójú mi. Mo dì mọ́ ẹ̀yìn àga. Ìwé kìíní jáde. Ọ̀gá mú un, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nà án jìnnà sí ara rẹ̀, ó sì kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìdúró. Ó ṣí dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó kó ìbéèrè gbogbo kíláàsì lé mi lọ́wọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ débi pé ó ní ó tó. Lójú ọ̀nà, mo ń kọrin sókè nínú mọ́tò, àwọn èrò sì rò pé mo ti lọ́kọ.

Mo bá ẹ̀gbọ́n mi àti ìyá wa ní gbọ̀ngàn, wọ́n ń fi ewé tuntun di obì. Ó ti yẹ kí ẹ̀gbọ́n mi ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Bí a bá bi í, á ní òun ṣì wà nínú ìsinmi. Mo kó ìwé náà síwájú wọn.

"Bùọ̀dá," mo ní, "mo ti rí iṣẹ́ gidi. Ẹ má bínú, mi ò ní bá yín lọ sí Èkó mọ́."

Ó wo ìwé náà. Ó gbé ewé ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ọlọ́run ṣeun," ó wí. "Ibo ni ǹ bá mú ọ lọ? Wọ́n ti dá wa dúró lẹ́nu iṣẹ́ láti ìgbà Kérésì. Onílé ti ní kí a kó jáde."

Gbogbo ọ̀sẹ̀ tí mo fi ń sáré nítorí ìbẹ̀rù ilé Èkó náà, kò sí ilé kankan tó ń dúró dè mí níbẹ̀. Owó tí wọ́n fi dágbére fún un ló fi ra páálí tó gbé wọlé. Ká ní iṣẹ́ Àrán-Ọ̀rin bọ́ lọ́wọ́ mi, àwa méjèèjì ì bá wulẹ̀ máa wo ojú ara wa ni. Mo fẹ́ bínú sí i pé kò sọ fún mi, ìbínú náà ò wá.

Ìyá wa ò dá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó di obì kan tán, ó tó mú òmíràn.

"Àwọn ọmọ ńkọ́, ọkọ mi?"

"Wọ́n wà lọ́dọ̀ ìyá wọn ní Èkó. Ilé-ìwé ní kí wọ́n má wá mọ́ títí a ó fi san owó."

"Lọ kó gbogbo wọn wá," ó wí. "Ilé-ìwé wà níhìn-ín. Ẹni tó ń tẹ ìdánwò gan-an ń gbé ilé wọn."

Kí òjò tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, wọ́n ti dé. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi bá ìyá wa wọ òwò obì, ẹ̀gbọ́n mi gba oko iṣu lọ pẹ̀lú Bàbá àgbà. Lọ́sàn-án, bí ilé-ìwé bá ti jáde, ọ̀dọ̀ mi ní ṣọ́ọ̀bù ni àwọn ọmọ náà máa ń wá, títí àwọn òbí wọn á fi padà. Mo ń fún wọn lóúnjẹ, mo ń yanjú ìjà wọn, mo ń nu imú wọn, n kò sì dá ọwọ́ dúró lórí ẹ̀rọ. Iṣẹ́ tí mo sá fún ní Èkó náà ni mò ń ṣe yẹn, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn.